Ímeèlì ọ́fíìsì tó ń sọnù: ìbéèrè àti ìdáhùn

Mo ti fi ímeèlì ránṣẹ́, wọ́n láwọn ò rí i.
Ẹ wo Outbox, àpótí tí lẹ́tà ti ń dúró kó tó jáde. Tó bá ṣì wà níbẹ̀, kò tíì kúrò lọ́dọ̀ yín. Ẹ tún àdírẹ́sì kà: gmial kọ́ ni gmail.

Fáìlì ò lọ.
25 MB ni òdiwọ̀n Gmail. Ẹ gbé e sí Drive, ibi tí Google ti ń bá yín tọ́jú fáìlì, ẹ fi líǹkì ránṣẹ́, kí ẹ sì fún olúwarẹ̀ láṣẹ láti ṣí i. Èyí lẹ máa ń gbàgbé, èmi ni wọ́n sì ń pè lóru.

Ímeèlì kankan ò wọlé mọ́.
Àkáǹtì ọ̀fẹ́ yín ti kún. 15 GB ni Gmail, Drive àti fọ́tò jọ ń pín. Ẹ pa fídíò òde ìgbéyàwó yẹn rẹ́.

Ọ̀gá kì í fèsì.
Kí lẹ kọ sí àkọlé? "Ẹ káàárọ̀ sà" kì í ṣe àkọlé. Ẹ kí ìyàwó, ẹ kí ọmọ, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìsàlẹ̀ pátápátá lọ̀rọ̀ owó ti wá yọjú, orí fóònù lọ̀gá sì ti ń kà á. Ìkíni kan tó. Ẹ kọ ọ́ sí àkọlé pé: "Owó epo jẹnẹrétọ̀: ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ sí i kó tó di Ọjọ́bọ̀."

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹnì kan sọ ti dé etí gbogbo ọ́fíìsì.
Reply All lẹ tẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣètò Undo Send, ẹ lè fà á padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹyin lohùn.

Inú Spam, àpótí lẹ́tà tí a ò fọkàn tán, làwọn oníbàárà ti ń bá ímeèlì wa.
Èyí ni bàbá wọn. Ilé iṣẹ́ kan n'Ìbàdàn tí mò ń bá tọ́jú kọ̀ǹpútà fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè lórí ẹ̀. Wọ́n á fi iye owó ọjà ránṣẹ́, oníbàárà á ní òun ò rí nǹkan kan. Wọ́n ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni. Wọ́n ní oníbàárà ń purọ́. Ẹnì kan tiẹ̀ yọ lógò kúrò nísàlẹ̀ lẹ́tà, bóyá òun ló ń fà á.

Mo ní kí oníbàárà kan ṣí lẹ́tà náà nínú Gmail lórí kọ̀ǹpútà, kó tẹ àmì tótòtó mẹ́ta tó wà lápá ọ̀tún, kó mú "Show original". Ó wà níbẹ̀ gbangba: SPF: PERMERROR, ìyẹn ni pé àṣìṣe wà nínú SPF wọn. SPF ni àkọsílẹ̀ tó ń sọ àwọn sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́) tó láṣẹ láti fi orúkọ yín kọ lẹ́tà. Ẹni tó ṣe wẹ́ẹ̀bù fún wọn ti kọ ọ̀kan sínú DNS, ìwé àkọsílẹ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún orúkọ ilé iṣẹ́ wọn. Nígbà tí wọ́n kó lọ sí Google Workspace, ímeèlì Google fún ilé iṣẹ́, ẹlòmíì tún kọ òmíràn. Domain (orúkọ tó wà lẹ́yìn @ nínú ímeèlì) kan, SPF kan lòfin. Tó bá ti di méjì, àtèyí àtìyẹn ò níṣẹ́ mọ́. Mo pa méjèèjì pọ̀ sójú ìlà kan.

Ó ṣì ń bọ́ sí Spam! DKIM ló kù, ìyẹn ìbuwọ́lùwé tí sáfà ń fi sára lẹ́tà. Wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú DNS, àmọ́ kò sẹ́ni tó padà sí Admin, ojú ìwé tí wọ́n ti ń ṣètò Google Workspace, láti tẹ "Start authentication". Bọ́tìnì kan péré! Mo tẹ̀ ẹ́, PASS yọ lójú méjèèjì, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Inbox. Láti oṣù Kejì 2024 ni Google àti Yahoo ti ń béèrè, ó kéré tán, ọ̀kan nínú méjèèjì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá ń kọ lẹ́tà sí àkáǹtì wọn.

Ṣé mo lè tún DNS ṣe fúnra mi?
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Tẹ́ ẹ bá ṣèèṣì pa MX rẹ́, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ń sọ ibi tí lẹ́tà yín máa wọlé sí, lẹ́tà ò ní wọlé rárá. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Kó tó dé, ẹ lọ wá páswọọ̀dù ibi tẹ́ ẹ ti ra domain. Ọwọ́ ẹni tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ ló sábà máa ń wà.