Ìbọn tó ń gbá yín nímú: bẹ́ ẹ ṣe máa pààrọ̀ pákó ìdí ẹ̀

Ẹ̀yin ọdẹ Rẹ́mọ, ẹ̀yin tÌjẹ̀bú, ẹ kú ọdẹ o. Ìbọn ẹlẹ́nu kan tí wọ́n ń kó wá látòkè òkun yẹn, irin ẹ̀ ò lẹ́jọ́, àmọ́ pákó ìdí ẹ̀, ẹni tí ò rí yín rí ló gbẹ́ ẹ, ẹ ga o, ẹ kúrú o, ìwọ̀n kan náà ló gbẹ́ fún gbogbo yín. Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ gùn, àtàǹpàkò á máa gbá a nímú tó bá ti yìn ín, ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ kúrú, ìdí ìbọn á há sí i lábẹ́ abíyá, kó tó yọ ọ́ tán ọ̀yà ti wọgbó lọ.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan súkúrù kankan, ẹ ṣẹ́ ìbọn, ẹ yọ ọta, ẹ ki ìka bọ ihò ẹ̀ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó ṣófo, ẹ má fi ojú nìkan wò ó. Ọta ẹ lọ kó o sí yàrá míì. Abẹ́ òfin ìbọn 1959 ni gbogbo wa wà, orúkọ yín ló wà nínú líséńsì, kì í ṣe ti káfíńtà, nítorí náà pákó nìkan ni kẹ́ ẹ gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù, irin kó dúró sílé lábẹ́ kọ́kọ́rọ́, ọjọ́ tó bá fẹ́ fi wọ̀n ọ́n kó wá bá yín nílé jàre.

Ó yá, ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ara yín. Ẹ wọ ẹ̀wù tẹ́ ẹ máa ń wọ̀ ṣọdẹ, ẹ kọjú ìbọn tó ṣófo yẹn sí ògiri tí ò séèyàn lẹ́yìn ẹ̀, ẹ dijú, ẹ gbé e lé èjìká, ẹ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e bó ṣe máa ń wá fúnra ẹ̀, ẹ wá lajú. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn irin nìkan lẹ̀ ń rí, pákó yẹn lọ sílẹ̀ jù, ọta á máa gba ìsàlẹ̀ ẹran. Tẹ́ ẹ bá ń rí gbogbo gígùn irin látìdí dé ẹnu, ó ga jù, òkè orí ẹran lọta á máa gbà. Ojú yín ni atọ́nà ẹ̀yìn ìbọn yìí, kò ní òmíì, ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá gbé ojú sí nìyẹn. Ìlẹ̀kẹ̀ kékeré tó wà lẹ́nu ẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ rí, kí irin díẹ̀ sì hàn lábẹ́ ẹ̀. Ti gígùn, látibi tẹ́ ẹ ti ń fà á dé àárín ìdí, tilé iṣẹ́ sábà máa ń tó ínṣì 14 tàbí kó lé díẹ̀; tẹ́ ẹ bá gbé e lé èjìká, àlàfo àárín àtàǹpàkò sí imú kó tó ìka méjì. Tó bá kúrú díẹ̀, rọ́bà tó nípọn lẹ máa fi sídìí ẹ̀, ẹ ò nílò pákó tuntun rárá, ẹ lọ fowó yín ra ọta. Tó bá gùn, ẹ gé e ní díẹ̀díẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń gé pákó kún.

Tó bá wá di dandan kẹ́ ẹ gbẹ́ tuntun, orí pákó níṣẹ́ wà. Ìjẹ̀bú Igbó ò jìnnà sí yín, igi wà níbẹ̀. Ẹ má gba arère, ó fúyẹ́ àmọ́ kò lágbára. Ọ̀gànwó dáa, apá ló dáa jù lójú tèmi torí kì í súnkì púpọ̀, ẹjọ́ ẹ̀ kan ò ju pé ó wúwo. Ìrókò náà ò burú, ṣùgbọ́n ó máa ń ní òkúta nínú tó ń ba ẹnu ayùn jẹ́, eruku ẹ̀ sì ń yún ni, kẹ́ ẹ bo imú. Èyí tó wù kó jẹ́, kó gbẹ. Pákó tútù tó nípọn ínṣì kan á tó bí ọdún kan kó tó gbẹ níbi atẹ́gùn ń fẹ́, ìdí ìbọn sì ń fẹ́ bí ínṣì méjì, ẹ ṣírò ẹ̀. Ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìgbà tí ìwọ̀n ẹ̀ ò bá lọ sílẹ̀ mọ́ ló gbẹ. Ẹni tí wọ́n ń wó ilé alájà àtijọ́ nítòsí ẹ̀, kó lọ bẹ̀ wọ́n fún pákó ìlẹ̀kùn, ìyẹn ti gbẹ ṣáájú kí wọ́n tó bí wa. Ẹ wo ìlà inú igi dáadáa, kó gba ọrùn ẹ̀ kọjá gbọọrọ, níbi tọ́wọ́ máa ń dì mú, tó bá dábùú ibẹ̀, ibẹ̀ náà ló máa kán.

Láti yọ ti tẹ́lẹ̀, ẹ tú súkúrù méjì tó di rọ́bà ìdí ẹ̀ mú, lára ọ̀pọ̀ ìbọn ẹ máa bá ihò gígùn kan níbẹ̀, bóòtù tó di pákó mọ́ irin wà nísàlẹ̀ ẹ̀ lọ́hùn-ún, súkúrúdíráfà gígùn ló máa dé e. Tuntun náà, ihò bóòtù yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lu nígbà tí pákó ṣì ní igun mẹ́rin, torí tẹ́ ẹ bá gbẹ́ ẹ tán kẹ́ ẹ tó lu ihò, á wọ́, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa tún un ṣe.

Ibi tí irin ti wọ inú pákó kì í ṣe iṣẹ́ àánú rárá. Ẹ tan àtùpà kẹrosíìnì, ẹ jẹ́ kí èéfín ẹ̀ kun irin dúdú fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ tẹ irin mọ́ pákó, ẹ yọ ọ́, ibi tó bá dúdú lára pákó ni kẹ́ ẹ fi ṣísẹ̀lì fá, fẹ́ẹ́rẹ́ o, kẹ́ ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ lẹ máa ṣe é títí dúdú náà á fi kárí, torí tó bá jẹ́ ojú kan péré ló ń gba agbára ìbọn, ojú yẹn ló máa là. Ìrù irin tó gùn wá sẹ́yìn lókè ọrùn yẹn nìkan ni kò gbọdọ̀ kan pákó lẹ́yìn, kó ní àlàfo tí pépà lè wọ̀.

Ẹ fi sáńdípépà pa á, ẹ fi aṣọ tútù nù ún kí irun igi dìde, ẹ tún fi sáńdípépà pa á. Òróró linseed lẹ máa fi pa á, tín-ín-rín tín-ín-rín, kí èyí àkọ́kọ́ gbẹ kẹ́ ẹ tó fi òmíì lé e, ojú tó wà lábẹ́ rọ́bà ni kẹ́ ẹ fún mu jù, ibẹ̀ ni omi òjò ń gbà wọlé. Aṣọ tẹ́ ẹ fi pa á ẹ má ká a jọ sí kọ̀rọ̀ o, ó lè gbiná fúnra ẹ̀, ìta ni kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sí kó gbẹ.

Tẹ́ ẹ bá ti di bóòtù, ẹ yìn ín sí páálí níbi tí ò séèyàn, kẹ́ ẹ wo ibi tí ọta gbà. Lẹ́yìn bí ọta mẹ́wàá, ẹ ṣí rọ́bà, ẹ tún bóòtù dì, kẹ́ ẹ wo pákó lẹ́yìn ìrù irin bóyá ó ti ń là. Tó bá tún tú lẹ́ẹ̀kejì, pákó yẹn ò gbẹ ni, ẹ yọ ọ́ kí ọyẹ́ tó dé.