Ọdẹ Àparò Láàárín Ifẹ̀ àti Iléṣà: Ohun Tó Yẹ Kí Àgbẹ̀ àti Ará Ilé Mọ̀

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti mú ilẹ̀ rọ̀, tí ẹ gbin àgbàdo, àparò náà ti gbọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni yóò ti jáde láti inú koríko ẹ̀gbẹ́ oko, yóò máa tọ poro lọ, yóò máa tanlẹ̀, yóò máa ṣa irúgbìn jẹ. Láti Ifẹ̀tẹ̀dó títí dé Òṣú àti Ìwárà, kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ igbe rẹ̀ ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́. Kì í gbé inú igbó kìjikìji. Ilẹ̀ tí a ti ro rí, tí koríko ti bò, ni ó fẹ́. Nítorí náà, àgbẹ̀ ni ọdẹ rẹ̀ tọ́ sí jù.

Ajá, okùn àti ìbọn ni àwọn baba wa fi ń pa á, ó sì dára kí ọmọ wa mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tó ń ba ọdẹ yìí jẹ́ ni májèlé. Àwọn kan ń po oògùn kòkòrò mọ́ àgbàdo, wọ́n á fọ́n ọn sí oko, wọ́n á ṣa òkú ẹyẹ lọ sí ẹ̀bá ọ̀nà lọ tà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é, ẹ má sì rà á. Bíbọ̀ kì í mú oògùn náà kúrò lára ẹran, dídín náà kì í mú un kúrò. Adìyẹ ilé lè ṣa nínú àgbàdo yẹn, ajá lè gbé òkú ẹyẹ, igún náà á sì jẹ níbẹ̀. Láti ọdún 2015 ni wọ́n ti ka igún tiwa yìí mọ́ àwọn ẹyẹ tó sún mọ́ àtirun jù lọ láyé, májèlé sì wà lára ohun tó ń pa á.

Ìyá tó ń ṣe ẹran ló lè rí àṣírí. Kí ẹ tó da ohun inú àparò nù, ẹ tú àpò tí oúnjẹ kọ́kọ́ ń dúró sí lábẹ́ ọrùn rẹ̀, kí ẹ sì la iwe rẹ̀. Ìkán, kòkòrò, èso koríko, àgbàdo funfun tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú bó ṣe wà lórí ṣúkù: oúnjẹ rẹ̀ ni ìyẹn, àmọ́ kò fi hàn dájú pé kò sí májèlé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí hóró tó pọ́n bí ẹni fi osùn pa á, irúgbìn tí wọ́n fi oògùn pa ni. Bí ẹ bá rí irú hóró bẹ́ẹ̀, tàbí tí òórùn kẹ́míkà bá ń jáde níbẹ̀, ẹ má tọ́ ọ wò rárá. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ jìn, kí ẹ sin gbogbo rẹ̀, ìyẹ́ àti ẹran.

Ní ti ìbọn, Òfin Ìbọn ọdún 1959 kò yọ ṣakabùlà sílẹ̀: ẹ gba ìwé àṣẹ. Ẹ má gbé ìbọn tí ẹ ti kì wọlé, ẹ má sì yìn ín sí ohun tó kàn ń mi koríko. Àgbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ń ṣa ẹ̀fọ́ náà ń mi koríko. Bó bá jẹ́ ọta òjé ni ẹ fi pa ẹyẹ, ẹ gé ẹran ibi tó bà kúrò pátá, kí ẹ má fún aboyún àti ọmọ kékeré nínú ẹyẹ náà.

Ẹni tó dẹ okùn gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Ilẹ̀ ni àparò ń yé sí, láàárín koríko, ó lè tó ẹyin 5 sí 7. Bí ẹ bá ń ṣán oko tí abo bá fò lójijì lẹ́sẹ̀ yín, ẹ wolẹ̀ dáadáa, kí ẹ fi koríko ibẹ̀ sílẹ̀ fún un. Abo tó ń kó ọmọ kiri kì í ṣe ẹran pípa. Akọ ní ohun ṣóńṣó méjì lẹ́yìn ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni kí ẹ máa wá. Ẹni tó bá sì ń tinábọ igbó ní ẹ̀ẹ̀rùn ń pa ju ohun tí ọdẹ mẹ́wàá lè pa.

Odídẹrẹ́ àti igún kì í ṣe ẹyẹ ọdẹ, òfin ń dáàbò bò wọ́n.

Bí ẹ bá bá òkú ẹyẹ nílẹ̀ tí ẹ kò mọ ohun tó pa á, pàápàá tó bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án. Àìsàn lukúlukú ẹyẹ (bird flu) wọ Nàìjíríà ní ọdún 2006, ó sì ń ran ènìyàn. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ ètò ẹran ọ̀sìn tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín lọ́jọ́ náà gan-an.