Ọjọ́rú Tó Máa Ń Bọ́ sí Ọjọ́ Ọjà: Ìrírí Mi Lóko Ìbàràpá

Iṣẹ́ tí mo dáwọ́ lé kò ju gbólóhùn kan lọ: kí ló dé tí àwọn ìyá tó wà lóko kì í gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí la sì lè ṣe sí i? Ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Ìbàràpá ni mo ti ṣe é, fún oyè másítà mi nínú ètò ìlera aráàlú. Oṣù mẹ́rin ló gbà mí. Ọ̀pọ̀ ló ti bi mí bí mo ṣe ṣe é, ó sì ti ń rẹ̀ mí láti máa sọ ọ́ lórí fóònù, ìyẹn ni mo ṣe jókòó kọ ọ́.

Ẹ̀ka ìlera ní sẹkitéríàtì ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo gba orúkọ gbogbo ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà lábẹ́ wọn. Ètò ìjọba àpapọ̀ ni pé kí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ó kéré tán, òfin ìlera ọdún 2014 sì ti ya owó sọ́tọ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọ àpò ìjọba àpapọ̀, tí kò gbọdọ̀ dín. Lórí ìwé, kò sí wọ́ọ̀dù tí kò ní tirẹ̀. Mo wá gun ọ̀kadà kiri fún ọjọ́ mẹ́fà, mo dé iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mo fi fóònù mú ojú ibi tó wà gan-an. Méjì nínú wọn, àdán ló ń gbé inú ẹ̀. Ọ̀kan, àgbàdo ni wọ́n ń sá sí ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀. Mo yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò.

Mo kó èyí tó kù sínú QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya àwòrán ilẹ̀, tí wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀, mo fa òbìrìkìtì kìlómítà 5 yí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ká. Òṣùwọ̀n tí àwọn olùwádìí sábà máa ń lò nìyẹn: ẹni tí ara rẹ̀ dá á lè fi bíi wákàtí kan rìn ín. Àwòrán náà dùn ún wò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo abúlé ló bọ́ sínú òbìrìkìtì. Mo gbé e lọ fún ọ̀gá mi ní yunifásítì. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, “Ó dáa. Tó bá jẹ́ ẹyẹ ni àwọn ìyá yẹn, iṣẹ́ ẹ ti parí.”

Wọ́n ní kí n padà lọ ka ohun tí àwọn olùwádìí méjì, Thaddeus àti Maine, kọ ní 1994 lórí ikú aboyún. Ibi mẹ́ta ni àwọn yẹn ní ìdádúró ti ń wáyé: kí ènìyàn tó pinnu pé òun ń lọ, kí ó tó débẹ̀, àti kí wọ́n tó dá a lóhùn lẹ́yìn tó bá débẹ̀. Ti àárín nìkan ni àwòrán mi ń wò, ojú tó sì fi ń wò ó náà kò mọ́lẹ̀ tó.

Ni mo bá kó lọ sí abúlé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó lọ jìnnà: olùwádìí kì í ṣe nǹkan tuntun ní Ìbàràpá. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ní ètò níbẹ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń lọ gbé ní Igbó-Ọrà. Ìdèrè ni wọ́n ti ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lórí sòbìà, kí àrùn náà tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi fọwọ́ sí i ní 2013. Ti ìbejì Igbó-Ọrà, gbogbo ayé ló ti gbọ́. Nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀ kí baálẹ̀, tí mo ń ṣàlàyé ara mi, bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri dá sí i. Wọ́n ní, “Àwọn kan wá ka sòbìà lẹ́sẹ̀ wa. Àwọn kan wá ka ìbejì wa. Kí ni ìwọ fẹ́ kà, ọmọ mi?”

Mo ní, “Bàbá, bí ilé abẹ́rẹ́ ṣe jìnnà sí yín tó ni.”

“Ìyẹn ò ṣe é jókòó kà. Dìde.”

Wọ́n fi ọmọọmọ wọn kan lé mi lọ́wọ́, a rìn ín. Kìlómítà 4 àti díẹ̀ ni àwòrán mi pè é. Oṣù Agẹmọ ni, odò ti kún, afárá igi tí wọ́n fi ń kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti lọ. A yí gba òkè odò, a gba inú oko ẹ̀gẹ́ olóko, a sì lo wákàtí méjì kí a tó rí òrùlé ilé ìwòsàn náà, èmi tí n kò sì pọn ọmọ kankan. Ọ̀kadà ní ọ̀nà mìíràn tó ń gbà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ lọ-bọ̀ lè gbé gbogbo èrè ọjà ọjọ́ kan mì.

Mo rò pé mo ti rí ìdáhùn mi. Àṣé n kò tíì rí nǹkan. Nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Mátírọ́nì, mọ̀ nípa odò náà ṣáájú kí wọ́n tó bí èrò iṣẹ́ mi. Wọ́n ti ṣètò fún un: ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin, ní Ọjọ́rú, wọ́n máa ń gbé kúlà abẹ́rẹ́ gun ọ̀kadà, wọ́n á gba ọ̀nà jíjìn yẹn, wọ́n á sì jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ní abúlé náà láti aago mẹ́sàn-án. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin náà kò ṣàdédé wá: abẹ́rẹ́ Pẹ́ńtà, tó ń dènà àrùn márùn-ún, tí ọmọ ń gbà ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin ló wà láàárín wọn. Wọ́n ṣí rẹ́jísítà wọn hàn mí. Ọmọ 6. Ọmọ 4. Ọmọ 7. Ọmọ 5. Ní abúlé tí mo ti fojú ara mi rí ọmọ ọwọ́ tó ju ogún lọ!

“Ẹ ò rí i?” Mátírọ́nì ní, “wọn kò kà á sí ni. Àhesọ ni wọ́n ń gbọ́.”

Gbogbo òṣìṣẹ́ tí mo bá sọ̀rọ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀, èmi náà sì ti gbà á kí n tó kúrò n'Íbàdàn. Ìbéèrè 42 ni mo kó sínú KoboCollect, áàpù orí fóònù tí wọ́n fi ń gba ìdáhùn sílẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó sì ju ìdajì lọ tó dá lórí ohun tí wọ́n gbà gbọ́ nípa abẹ́rẹ́. Mo lo ọjọ́ mẹ́ta láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn ìyá ń dá mi lóhùn pẹ̀lú sùúrù: abẹ́rẹ́ dáa, wọ́n fẹ́ ẹ, ọkọ wọn kò kọ̀. Ìyá kan tó ń yan gàrí, tí èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di pupa, ló dá mi dúró ní ìbéèrè kẹrìndínlógún. Ó ní, “Bọ̀dá, ṣé ẹ ò ní bi mí léèrè ọjọ́ tí wọ́n máa ń wá ni? Ọjọ́ ọjà ni wọ́n máa ń wá.”

Mo ní, “Ṣé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan?”

“Ní gbogbo ìgbà ni.”

Mo rò pé àsọdùn ni. Ọjà ibẹ̀, ọrọọrún ni wọ́n ń ná an, ọ̀sẹ̀ aláwọ̀ funfun sì jẹ́ ọjọ́ méje. Báwo ni wọ́n ṣe máa pàdé ní gbogbo ìgbà? Lálẹ́, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo gbé kàlẹ́ńdà sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa igi. Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn baba wa ṣe ń kà á: wọ́n á ka òní mọ́ ọn. Ọjà tí wọ́n ná ní Ọjọ́rú, Àìkú ló kàn, lẹ́yìn náà Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn náà Ajé. Márùn-ún lẹ́nu, ṣùgbọ́n láti ọjà kan sí èkejì, ọjọ́ mẹ́rin ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sì jẹ́ ọjọ́ 28. Ẹ fi mẹ́rin pín 28, kò ní ṣẹ́kù. Tí Mátírọ́nì bá ti bá ọjà pàdé lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á máa bá a pàdé títí ayé. Ká ní Ọjọ́rú mìíràn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọn kì bá tí pàdé rí. Kò sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Nígbà tí mo rí i, mo pariwo débi pé ajá baálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbó.

Mo padà sọ́dọ̀ Mátírọ́nì pẹ̀lú kàlẹ́ńdà náà. Wọ́n wò ó, wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ohun tí kò sí nínú ìbéèrè 42 mi kankan. Ìgò abẹ́rẹ́ àrùn èéyi, ọmọ mẹ́wàá ló wà fún. Tí wọ́n bá ti po ó, kò gbọdọ̀ ju wákàtí mẹ́fà lọ, wọ́n á da ìyókù nù. Nítorí náà, tí ọmọ oṣù mẹ́sàn-án bá jẹ́ ẹyọ kan lábẹ́ igi máńgòrò, ọwọ́ wọn kì í yá láti ṣí ìgò. Wọ́n á ní kí ìyá náà padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Ìyá yìí sì ti fi ọjà sílẹ̀ torí wọn! Ta ló máa padà wá? Ìlànà ní kí wọ́n ṣí i, Mátírọ́nì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n máa ṣàlàyé ìgò tó ṣòfò nínú ìròyìn oṣù. Èmi kò lè dá wọn lẹ́bi.

Ìpàdé tó tún un ṣe kò pé wákàtí kan: Mátírọ́nì, baálẹ̀, ìyálọ́jà, ìyá elégàrí yẹn, àti èmi tí mo ń kọ̀wé. Mo dábàá Ìṣẹ́gun. Ìyálọ́jà rẹ́rìn-ín: ọjọ́ tó ṣáájú ọjà, gàrí ni gbogbo ilé ń yan. Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e dára jù, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, ilé ni wọ́n ń jókòó sí. Ọjọ́bọ̀ sì ni Mátírọ́nì fi ń dá aboyún lóhùn ní ilé ìwòsàn. Àwọn ló ní kí igbákejì wọn dúró fún wọn lọ́jọ́ kan yẹn. Kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀.

Mo bá wọn lọ ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́. Ọmọ 19 ni wọ́n gún. N kì í ṣe ọmọdé, mo mọ̀ pé àwọn tó ti ṣẹ́kù láti oṣù pípẹ́ wà lára wọn, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé mi pé kí a tún kà á lẹ́yìn ọdún kan. Ìgò èéyi ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Mo fa kàlẹ́ńdà ọdún kan gbáko fún wọn, ọjọ́ ọjà ní pupa, ọjọ́ abẹ́rẹ́ ní búlúù, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fríìjì abẹ́rẹ́. Odò ṣì wà níbi tó wà. Nígbà tí mo ń lọ kí bàbá tó fọmọ tọ́ mi sọ́nà pé ó dìgbà, wọ́n bi mí bóyá mo ti ka ohun tí mo wá kà. Mo ní mo ti kà á. Wọ́n ní, “Afárá ńkọ́?”