Bí mo ṣe fi àkọsílẹ̀ kòkó kọ́ ìpìlẹ̀ Unix ní Àkúrẹ́

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó kan ní Àkúrẹ́, èmi ni mo sì ń kọ ìwọ̀n kòkó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá kó wá láti Ìdànrè, Ìjù, Ìta-Ògbólú àti àwọn ìlú mìíràn sílẹ̀. Nígbà tí àkọsílẹ̀ náà pọ̀ ju ohun tí a lè fi ojú lásán kà lọ, àbúrò mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa kọ̀ǹpútà ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́, bá mi fi Debian, ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, sórí kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ kan, ó ní kí n fi iṣẹ́ náà kọ́ Unix, ìyẹn ètò ìdarí kọ̀ǹpútà tí èèyàn lè fi àṣẹ tó bá tẹ̀ darí. Ọdún 1969 ni Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ Unix ní Bell Labs, ilé ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà. Linux, tí Debian dúró lé lórí, kò dé títí di ọdún 1991, ṣùgbọ́n ìlànà Unix ló ń tẹ̀ lé.

Àbúrò mi kò kọ́kọ́ fún mi ní àṣẹ rẹpẹtẹ láti há sórí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹ dúró sí.” Àṣẹ pwd ló ń sọ èyí, ls ń fi ohun tó wà níbẹ̀ hàn, cd sì ń gbé èèyàn lọ sí fódà mìíràn. Gbogbo fódà ló so mọ́ àmì kan ṣoṣo, ìyẹn /, bí ìgbà tí gbogbo yàrá inú agboolé bá gba ẹnu ọ̀nà kan náà jáde. Bí àṣẹ kan bá yọrí sí rere, Unix sábà máa ń dákẹ́ ni, ìdákẹ́jẹ́ yìí sì lè kó ìdààmú bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìlò àṣẹ kan yóò kọ man ṣáájú orúkọ rẹ̀, yóò kà á, yóò sì tẹ q láti jáde.

Ibi tí mo ti rí agbára Unix gan-an ni àmì |, èyí tó wọ inú Unix ní ọdún 1973 nípasẹ̀ àbá Doug McIlroy tó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs. Ohun tí àṣẹ kan bá mú jáde ni àmì yìí ń gbé fún àṣẹ tó tẹ̀ lé e. Nínú fáìlì mi, ìlà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ìlú, nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ àti ìwọ̀n kòkó, àlàfo kan ló sì pín wọn níyà, nítorí náà mi ò fi àlàfo sínú orúkọ ìlú kankan. Mo wá kọ èyí:

cut -d' ' -f1 koko.txt | sort | uniq -c

Àṣẹ cut yọ orúkọ ìlú nìkan (-d' ' sọ pé àlàfo ló pín wọn níyà, -f1 sì mú apá àkọ́kọ́), sort tò wọ́n, uniq -c sì ka iye ìgbà tí ìlú kọ̀ọ̀kan kó kòkó wá. Ó pọn dandan kí sort ṣáájú, torí pé ìlà tó bá tẹ̀ lé ara wọn nìkan ni uniq ń fi wé ara wọn. Inú mi dùn gidigidi, nítorí pé iṣẹ́ tí mo máa ń fi odindi ọ̀sán ṣe nínú ìwé ni kọ̀ǹpútà parí lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda ló kù, mo sì gbà pé kò yẹ kí akọ̀wé kankan fò ó. Àṣẹ ls -l ń fi ohun tí onífáìlì, ẹgbẹ́ rẹ̀ àti àwọn yòókù lè ṣe hàn: kíkà jẹ́ 4, kíkọ jẹ́ 2, ṣíṣiṣẹ́ bí ètò jẹ́ 1. Àbúrò mi fi èmi àti akápò wa sínú ẹgbẹ́ kan lórí kọ̀ǹpútà náà, a gbé fáìlì sínú fódà tí àwa méjèèjì lè wọ̀, mo fi chgrp so ó mọ́ ẹgbẹ́ náà, mo sì kọ chmod 640 koko.txt: 6 (4 àti 2) ni tèmi tí mo ni fáìlì, 4 ni ti ẹgbẹ́ náà, 0 sì ni ti àwọn yòókù. Akápò lè fi less ka àkọsílẹ̀ náà báyìí, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mo lè fi >> ṣe àfikún ìlà tuntun sí i. Àmì méjì ni mo sì ń lò nígbà gbogbo, torí pé > kan ṣoṣo yóò pa gbogbo ohun tó ti wà nínú fáìlì rẹ́.