Gáàsì AC Kì í Tán Lásán: Yíyan AC, Gbígbé e Mọ́ Ògiri àti Títọ́jú Rẹ̀

Bí AC bá ti lo ọdún kan tí kò tutù mọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé gáàsì ti tán. Onílé á sanwó, wọ́n á fa gáàsì sí i, yóò tutù fún oṣù díẹ̀, wọ́n á tún pe oníṣẹ́. A kì í jó gáàsì AC bí a ṣe ń jó epo jẹnẹrétọ̀. Inú páìpù tí a dì pa ló ń yí: ó ń gbé ooru yàrá lọ síta, ó sì ń padà wọlé. Bí kò bá sí ibi tó ń jò, iye tó wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni yóò wà níbẹ̀ lọ́dún kẹwàá. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ tí wọ́n ń gbé AC mọ́ ògiri fi ṣe pàtàkì ju orúkọ ilé-iṣẹ́ tó wà lára rẹ̀ lọ.

Ìwọ̀n tó bá yàrá mu

Lọ́jà wa ní Nàìjíríà, AC 1 HP jẹ́ nǹkan bíi BTU 9,000 (BTU ni wọ́n fi ń wọn agbára ìtutù AC), ti 1.5 HP jẹ́ 12,000, ti 2 HP sì jẹ́ 18,000. Yàrá tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 10 níbùú àti 12 lóròó lọ, 1 HP tó o. Bó bá tó ẹsẹ̀ bàtà 12 níbùú àti 14 lóròó, ẹ ra 1.5 HP. Pálọ̀ tó tó ẹsẹ̀ bàtà 16 níbùú àti 18 lóròó fẹ́ 2 HP. Ẹ gbé e sókè ní ìpele kan bí yàrá náà bá wà lókè pátápátá lábẹ́ dẹ́kìn, bó bá jẹ́ páànù lásán ló wà lórí àjà, tàbí bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá ń lu ògiri rẹ̀.

Kí ẹ tó náwó lórí ẹ̀rọ ńlá, ẹ kọ́kọ́ wo fèrèsé. Fèrèsé lúfà tí gíláàsì rẹ̀ kò pàdé ń da otútù tí ẹ fi owó rà síta ní gbogbo òru. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí ẹ dí i, kí ẹ sì ta kọ́tìnì tó nípọn sí i. AC tó tóbi jù náà ní ìyọnu tirẹ̀: kíá ló máa tutù, á sì dákẹ́ kó tó fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ jáde. Yàrá á wá tutù, ara ò sì ní balẹ̀.

AC tí kì í ṣe inverter (ìyẹn irú tó lè dín agbára tó ń lò kù fúnra rẹ̀), bó bá ń ṣiṣẹ́, gbogbo agbára rẹ̀ ló ń lò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó dákẹ́. Lásìkò tí compressor rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì yí ká inú páìpù, bá ń gbéra, iná tó ń fà lè tó ìlọ́po mẹ́rin sí mẹ́fà ohun tó ń fà bó bá ti ń lọ. Ìyẹn ló ń mú kí gílóòbù inú ilé ṣẹ́jú, òun náà ló sì ń mú kí jẹnẹrétọ̀ kékeré kérora kó sì kú. AC inverter máa ń gbéra pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á sì dẹwọ́ bí yàrá bá ti tutù. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò owó rẹ̀. AC 1.5 HP tí kì í ṣe inverter ń fa nǹkan bíi wọ́ọ̀tì 1,100. Bí compressor bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 6 nínú wákàtí 8 tí ẹ fi sùn, unit 6.6 nìyẹn. Bí a bá ka unit kan sí ₦210, òru kan jẹ́ ₦1,386, ọgbọ̀n òru sì jẹ́ ₦41,580. Inverter tó dára lè yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò níbẹ̀. Ẹni tó ń tan AC mọ́jú, tàbí tó ń lo sólà, kò yẹ kó tún ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń tan án fún wákàtí kan lọ́jọ́ Àìkú lè ra èyí tó wọ́n níwọ̀n.

Ní ti tòkunbọ̀, ẹ ka àkọlé ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan àpò. Ọ̀pọ̀ èyí tó ti Amẹ́ríkà wá ń lo fóólìtì 115, iná wa á sun ún lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá rí R22, ẹ mọ̀ pé ọjọ́ ti ń lọ lórí gáàsì yẹn: lábẹ́ Àdéhùn Montreal, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe láti dáàbò bo ozone ojú ọ̀run, àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa gbọ́dọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ lílò rẹ̀ dúró tán bó bá di 2030. R32 àti R410A ni kí ẹ máa wá.

Ọjọ́ tí wọ́n ń gbé e mọ́ ògiri

Ẹ dúró ti oníṣẹ́ lọ́jọ́ yìí. Apá méjì ni AC tí à ń sọ yìí (split) ní. Èyí tó máa wà nínú ilé kò gbọdọ̀ lẹ̀ mọ́ àjà. Ó kéré tán, kí àyè sẹ̀ǹtímítà 15 wà lókè rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ má sì dojú kọ orí bẹ́ẹ̀dì. Èyí tó máa wà níta ń fẹ́ ibòji àti àyè. Bí ẹ bá há a mọ́ kọ̀rọ̀, ooru tó tú jáde náà ló máa tún fà padà. Ẹ má gbé e sítòsí ibi tí jẹnẹrétọ̀ ń tú èéfín sí.

Páìpù kọ́pà ni kí wọ́n lò. AC 1 HP sábà máa ń gba ¼ íǹṣì àti ⅜ íǹṣì, ṣùgbọ́n ohun tí ìwé ẹ̀rọ bá sọ ló lé téńté. Kí wọ́n fi fóòmù bo páìpù méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n sì wé e dáadáa, nítorí oòrùn máa ń jẹ fóòmù náà.

Ẹnu páìpù ni gáàsì ti ń jò jù. Kọ́tà ni wọ́n fi ń gé páìpù kọ́pà. Bí ẹ bá rí ayùn irin, ẹ dá wọn dúró. Kí wọ́n dojú páìpù kodò bí wọ́n ṣe ń há etí rẹ̀, kí eruku kọ́pà má bàa wọ inú. Kí wọ́n fi nọ́ọ̀tì sí i kí wọ́n tó fẹ ẹnu rẹ̀, kí wọ́n kán òróró AC díẹ̀ sí i, kí wọ́n sì fi sípánà méjì dè é. Nọ́ọ̀tì ¼ ń fẹ́ nǹkan bíi 14 sí 18 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń dè é), ti ⅜ ń fẹ́ 34 sí 42. Èyí tí wọ́n fi agbára dè jù máa ń sán lẹ́yìn oṣù díẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, nitrogen ni wọ́n fi ń dán páìpù wò, pẹ̀lú omi ọṣẹ ní gbogbo ìdè. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi oxygen dán an wò láéláé. Bí oxygen bá pàdé òróró inú compressor, ó lè bú gbàmù kó sì pa èèyàn.

Níbi tí wọ́n ti ń fo iṣẹ́ jù ni vacuum, ìyẹn fífi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú páìpù jáde. Àwọn kan á kàn ṣí gáàsì díẹ̀ kó fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde, wọ́n á ní ó parí. Afẹ́fẹ́ lè jáde, ọ̀rinrin kò ní jáde. Ọ̀rinrin yẹn ló máa pàdé òróró, tí á di ásíìdì, tí á sì máa jẹ wáyà inú compressor díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ vacuum gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 30, títí yóò fi sọ̀ kalẹ̀ dé micron 500 (ìwọ̀n bí inú páìpù ṣe ṣófo tó). Kí wọ́n wá pa á, kí wọ́n wò ó fún ìṣẹ́jú 10. Bó bá ń gòkè ṣáá, ibì kan ń jò, tàbí ọ̀rinrin ṣì wà níbẹ̀.

Bó bá di dandan láti fa gáàsì, orí òṣùwọ̀n ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, ní iye gíráàmù tó wà lára ẹ̀rọ. R410A jẹ́ gáàsì méjì tí wọ́n pò pọ̀, nítorí náà bó ṣe wà ní olómi ni kó wọlé. R32 lè gbiná. Kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nítòsí.

Wáyà 2.5 mm² tó fún 1 HP àti 1.5 HP, 2 HP ń fẹ́ 4 mm². Kí AC ní breaker tirẹ̀, kí wáyà ilẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ládùúgbò tí iná bá ń sọ̀ sí nǹkan bíi fóólìtì 180, ẹ fi stabilizer tó ń dúró fún ìṣẹ́jú 3 kó tó fún AC níná. Kí oníṣẹ́ tó lọ, ẹ da ìgò omi kan sínú ọpọ́n tó wà nínú ẹ̀rọ, kí ẹ sì wò ó bóyá gbogbo rẹ̀ jáde síta.

Lílò rẹ̀

Fífi í sí 16 kò mú yàrá yára tutù ju 24 lọ fún ẹ̀rọ tí kì í ṣe inverter. Kò kàn ní jẹ́ kí compressor sinmi ni. 24 sí 26 dára, pẹ̀lú fáànù tó ń yí díẹ̀. Bí iná bá lọ, ẹ pa AC kí ẹ tó yí súwíìṣì sí jẹnẹrétọ̀, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú 3 kí ẹ tó tún un tàn, kí gáàsì inú rẹ̀ lè dọ́gba. Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí abẹ́ fèrèsé láé. AC irú èyí kì í fa afẹ́fẹ́ tuntun wọlé, carbon monoxide, gáàsì olóró inú èéfín jẹnẹrétọ̀, kò sì ní òórùn tí ẹni tó ń sùn lè gbọ́.

Ìtọ́jú

Ẹ máa fọ fíltà ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Nígbà ọyẹ́, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni. Omi àti ọṣẹ díẹ̀ tó, kí ẹ sì sá a síbi tí kò sí oòrùn. Ní oṣù mẹ́rin-mẹ́rin, kí oníṣẹ́ pa breaker, kó fọ inú ẹ̀rọ dé ibi tí fáànù rẹ̀ wà, kó sì fi omi tí kì í tú jáde pẹ̀lú agbára fọ ti ìta láti inú síta.

Bí omi bá ń kán sínú yàrá, ìdọ̀tí tó ń yọ̀ ló sábà máa ń dí páìpù omi; ẹ fọ́n omi gba inú rẹ̀. Bí yìnyín bá bo páìpù, ẹ tan fáànù nìkan kó yọ́, ẹ fọ fíltà. Bó bá tún padà, ó ṣeé ṣe kí gáàsì ti jò. Kí oníṣẹ́ fi ibi tó ń jò hàn yín, kó dí i, kó ṣe vacuum, kó tó fa gáàsì mìíràn. Bí fáànù ìta bá ń yí ṣùgbọ́n tí compressor kàn ń kùn, capacitor, ẹ̀yà kékeré tó ń ràn án lọ́wọ́ láti gbéra, ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Kì í wọ́n rárá, ṣùgbọ́n iná lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa breaker, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Bí compressor bá ti jó, kí wọ́n má kàn fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Kí wọ́n fọ páìpù, kí wọ́n fi nitrogen fẹ́ ẹ, kí wọ́n pààrọ̀ drier (ẹ̀yà tó ń fa ọ̀rinrin inú gáàsì) bí ẹ̀rọ náà bá ní, torí ásíìdì tó pa ti àkọ́kọ́ ṣì wà nínú páìpù.