Bí ẹrù tí ẹ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun ṣe máa dé Iléṣà láì há sọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù

Ẹ̀yin ará wa tó wà lọ́hùn-ún, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àìgbàgbé ilé. Ẹrù tí ẹ ń gbọ́ pé ó há sí Èkó yẹn, lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe Èkó ló ti há, ibi tí ẹ ti dì í ló ti há, torí ohun tí ẹ kọ sára ẹ̀ àti orúkọ ẹni tí ẹ ní kó gbà á.

Ẹ jẹ́ ká ti orí orúkọ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọlọ́kadà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Atakúmọ́sà ló mọ ilé Ìyá Bọ́sẹ̀, àmọ́ kò sí Ìyá Bọ́sẹ̀ lórí káàdì NIN. Orúkọ tó wà lórí káàdì màmá gan-an ni kí ẹ kọ, bó ṣe wà níbẹ̀, torí wọ́n lè ní kó mú káàdì wá kó tó gba ẹrù. Nọ́ńbà fóònù méjì ni kí ẹ kọ, ti màmá àti ti ẹnì kan tó máa ń gbé fóònù tó bá ń dún. Nọ́ńbà ojúlé nìkan ò tó nílùú wa, ẹ fi àmì sí i, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, òdìkejì ilé epo báyìí.

Tó bá jẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ lẹ máa gbà, wọ́n á fún yín ní fọ́ọ̀mù kọ́sítọ́ọ̀mù, CN22 fún ẹrù tówó ẹ̀ ò pọ̀, CN23 fún èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ẹ má kàn kọ “gift” kẹ́ ẹ máa lọ, ta ló bi yín bóyá ẹ̀bùn ni? Ohun tó wà nínú páálí ni wọ́n ń bèèrè. Ẹ kọ ọ́ ní kọ̀ọ̀kan: bùlẹ́ńdà kan, pọ́ún 35, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ BP wò kan, pọ́ún 25, aṣọ ọmọdé tuntun mẹ́ta, pọ́ún 30. Ẹ fi rìsíìtì sínú páálí, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ sí màmá lórí WhatsApp. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ kọ owó táṣẹ́rẹ́ sí i kí kọ́sítọ́ọ̀mù má baà gbowó, ẹ má dá wọn lóhùn jàre. Ẹni tó ń wo bùlẹ́ńdà tuntun nínú ọ̀rá, tẹ́ ẹ wá kọ pọ́ún 5, ṣé ọmọ àná ni? Òun fúnra ẹ̀ á díye lé e, tó bá sì sọnù lọ́nà, orí pọ́ún 5 yẹn náà lẹ máa bá ara yín.

Owó ibodè kì í ṣe lórí iye ọjà nìkan o, wọ́n á ro owó ìfiránṣẹ́ àti ìnṣọ́ránsì mọ́ ọn. Ìpele márùn-ún ni owó ibodè tí ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, là sílẹ̀: 0, 5, 10, 20 àti 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Ká ní ọjà 400 dọ́là, owó ìfiránṣẹ́ àti ìnṣọ́ránsì 60, tó bọ́ sí ìpele 20, dọ́là 92 nìyẹn, kí VAT 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún àtàwọn owó wẹ́wẹ́ míì tó gun orí ẹ̀. Àmọ́ láti 8 Sẹ́tẹ́ńbà 2025 ni kọ́sítọ́ọ̀mù ti ní ẹrù kékeré tí ò bá ju 300 dọ́là lọ ò ní sanwó ibodè, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré lọ́dún, kò sì kan nǹkan tí ìjọba fòfin dè.

Àwọn nǹkan tí wọ́n fòfin dè yìí ló máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Paracetamol, aspirin, folic acid, multivitamin, gbogbo ohun tí ọmọ máa ń kó ránṣẹ́ sí màmá ẹ̀ gan-an. Ẹ fowó ránṣẹ́, kẹ́míìsì pọ̀ ní Iléṣà. Spaghetti, júùsì, ọṣẹ, bàtà, báàgì, títí dórí bírò. Aṣọ òkìríkà náà wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń bọ̀ nílé bá yín kó aṣọ tẹ́ ẹ ti wọ̀ mọ́ tiẹ̀. Owó ẹyọ pàápàá wà níbẹ̀ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí babaláwo yín ní Ifẹ̀, ẹ ní sùúrù. Ní ti lọ́fínńdà àti power bank, wọn kì í fẹ́ kó wọ bàálù ránṣẹ́, ẹ fi sílẹ̀.

Kúríà, ìyẹn àwọn iléeṣẹ́ tó ń fi bàálù gbé páálí, máa ń wo bí páálí ṣe tóbi. Wọ́n á fi gígùn, ìbú àti gíga, ní sẹ̀ǹtímítà, sọ ara wọn di púpọ̀, wọ́n á pín in sí 5000. Páálí 50 sí 40 sí 40, kílò 16 lẹ máa sanwó ẹ̀ bó tiẹ̀ jẹ́ kílò 6 ló wọ̀n. Nítorí náà dúfẹ́ẹ̀tì ò yẹ kó wọ bàálù rárá, inú dúrọ́ọ̀mù tó ń bá ọkọ̀ ojú omi bọ̀ ni tiẹ̀, yóò pẹ́ ṣùgbọ́n ó pọ́ọ́kú.

Tó bá jẹ́ èjẹ́ǹtì lẹ fẹ́ gbé ẹrù fún, ẹ bi í kẹ́ ẹ tó sanwó: ṣé kọ́sítọ́ọ̀mù wà nínú owó yìí? Ṣé Iléṣà lẹ máa gbé e dé àbí Èkó? Kó kọ ọ́ sílẹ̀. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹrù á gúnlẹ̀ s'Èkó tán, èjẹ́ǹtì á wá ká mọ́ yín lọ́rùn fún owó míì bí òṣómàáló, oníṣòwò tó ń lóṣòó síwájú ilé ajigbèsè títí á fi gbowó ẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwa Ìjẹ̀ṣà la ni òṣómàáló! Tó bá jẹ́ wébìlì ló máa bá dé láti gáréèjì Èkó, kí ẹni tó gbé e wọkọ̀ ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀, kó gba nọ́ńbà dírẹ́bà, kí màmá sì mọ gáréèjì tó máa bọ́ sí.

Ẹ kìlọ̀ fún màmá dáadáa: ẹnikẹ́ni tó bá pè é pé kọ́sítọ́ọ̀mù lòun, kó fowó sínú àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ èèyàn kí ẹrù tó jáde, gbájúẹ̀ ni. Owó ìjọba máa ń ní ìwé, àpò ìjọba ló sì ń wọ̀. Kó gé fóònù, kó pè yín, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà ẹrù yẹ̀ ẹ́ wò lọ́hùn-ún.

Tó bá wá délé, kí ọmọ kan máa ya fídíò bí wọ́n ṣe ń tú u, kí màmá tó buwọ́ lùwé tó bá ṣeé ṣe. Bí nǹkan bá ti fọ́, kí wọ́n má tíì da páálí nù, torí ẹ̀yin tẹ́ ẹ sanwó lọ́hùn-ún lẹ máa bèèrè owó padà, fọ́tò páálí yẹn sì ni wọ́n á kọ́kọ́ bi yín.