Èépá funfun inú ẹ̀rọ kọfí
Ẹ̀yin ará wa ní London, òkúta ẹfun ni púpọ̀ nínú omi wa ń gbà kọjá, ìdí nìyẹn tí èépá funfun inú kẹ́tùlù fi ń dí ojú ọ̀nà omi nínú ẹ̀rọ espresso pẹ̀lú, títí kọfí yóò fi máa kán tó-tó. Ẹ kọ́kọ́ ka ìwé ìlò rẹ̀, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ kan kò fẹ́ kí onílé fọwọ́ ara rẹ̀ fọ èépá náà kúrò. Bí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ po 20 gíráàmù citric acid (èròjà kíkan bíi ti inú ọsàn wẹ́wẹ́) mọ́ lítà omi kan, kí ìdajì rẹ̀ gba inú ẹ̀rọ kọjá, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 20 kí ẹ tó jẹ́ kí ìyókù náà gba inú rẹ̀ kọjá, kí ẹ sì fi omi lásán ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì. Èmi kò fara mọ́ fínígà: òórùn rẹ̀ kì í tètè lọ.